Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Kíkọ́ Ọmọ Nílé Wò Nígbà Tí Ooru Bá Mú Gan-an

Ọ̀sẹ̀ 2 tó láti fi dán an wò bóyá ẹ lè máa kọ́ ọmọ yín nílé dípò ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ kìíní á lọ sórí kí òbí àti ọmọ mọwọ́ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ máa tó rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Ẹ má kó gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé lé ọmọ lórí. Ìṣirò àti ìwé kíkà tó, pẹ̀lú ohun kan tó máa fi ọwọ́ ṣe. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ka ojú-ìwé kan sókè ketekete, kó ṣe ìṣirò 10, kí ẹ sì kọ ibi tó ti kọsẹ̀ sílẹ̀. Òun lẹ máa fi díwọ̀n rẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ 2 bá pé.

Ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni afẹ́fẹ́ máa ń tutù jù. Láàárín aago 2 sí 5 ọ̀sán ni ooru sábà máa ń gorí. Torí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, kí ẹ pa ìwé dé kó tó di aago 10. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 20, ìsinmi ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré. Fún ọmọ ọdún 6 tàbí 7, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Àwọn òbí kan á ní ó kéré jù. Kò kéré rárá: nínú kíláàsì ọlọ́mọ 30, ọmọ máa ń dúró kó tó kàn án, ṣùgbọ́n nílé, òun nìkan ni olùkọ́ dojú kọ. Bí ooru kò bá jẹ́ kó sùn lóru, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa, kí ẹ ṣe ìjókòó kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà.

Yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀, nítorí náà yàrá ìhà ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ lò. Nínú ilé alájà, ìsàlẹ̀ tutù ju òkè lọ. Ẹ ra tẹmómítà 2, ẹ gbé ọ̀kan sínú ilé, ẹ gbé èkejì síta níbi ìbòòji. Tí ìta bá tutù ju inú lọ, ẹ ṣí fèrèsé ọ̀tún àti òsì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé kọjá. Gbàrà tí ìta bá ti gbóná ju inú lọ, ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnnì. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni ká ṣí fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án nítorí pé inú ilé há. Ooru ìta là ń pè wọlé yẹn. Fáànù ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí yàrá kò bá ju 35°C lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ti gbóná ju awọ ara lọ, ẹ fi omi tutù nu ọmọ lára kí ẹ tó tan fáànù. Tó bá ti di 40°C, ẹ má gbára lé fáànù, ẹ wá ibi tó tutù.

Òógùn máa ń mú kí bébà lẹ̀ mọ́ apá, yíǹkì á sì dọ̀tí. Pẹ́ńsù ni kó lò, kó tẹ́ aṣọ gbígbẹ sábẹ́ apá tó fi ń kọ̀wé.

Ẹ gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó mu díẹ̀ ní gbogbo ìsinmi, kó má dúró de òùngbẹ. Tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, omi ti dín lára rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, ẹ pa ìwé dé, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀, ẹ fi omi tutù nu ún, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú 30, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un, tó dákú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná dé 40°C, pàjáwìrì nìyẹn. Ẹ wá dókítà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì dáwọ́ omi tutù dúró lára rẹ̀. Ẹ má rọ omi sẹ́nu ọmọ tí kò mọ nǹkan.

Fún iṣẹ́ ọwọ́, ooru gan-an ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ rọ omi tó dọ́gba sínú ìgò 2 tó jọra, ẹ fi aṣọ tútù wé ọ̀kan, kí ẹ gbé méjèèjì síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lábẹ́ ìbòòji. Kó máa wọn ooru omi wọn ní ìṣẹ́jú 10-10 fún wákàtí 1, kó sì yà á sórí bébà. Ìgò tí a wé á tutù ju èkejì lọ, torí omi tó ń gbẹ kúrò lára aṣọ ń gba ooru lọ. Bí aṣọ bá gbẹ, ìyàtọ̀ á pòórá, ẹ tún un rẹ. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìyàtọ̀ kì í tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá ìdí rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ kọ ìwọ̀n ooru yàrá sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìṣe bá ń pọ̀ sí i bí ooru ṣe ń gòkè, ooru ni, kì í ṣe pé ọmọ ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé òbí kò mọ ọmọ kọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣi irú ìṣirò kan náà ṣe ní aago 7 tí ara ṣì tutù, ọ̀nà tí ẹ gbà ṣàlàyé ni kí ẹ yí padà. Ẹ tún ṣe ọ̀sẹ̀ 1 sí i nígbà tí ooru bá rọlẹ̀, kí ẹ tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé. Ẹ wo òfin ibi tí ẹ ń gbé pẹ̀lú: ibòmíràn ní kí òbí forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, Jámánì sì sọ lílọ sí ilé-ìwé di dandan.