Èjìká tó tún ń dùn lẹ́yìn ìtọ́jú abẹ́rẹ́

Ìbéèrè: Iyán ni mo ń gún tà ní Adó-Èkìtì. Èjìká ọ̀tún ń dùn mí bí mo bá gbé apá sókè, n kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, akupọ́ńṣọ̀, èyí tí wọ́n ń gún mọ́ ara láìsí oògùn nínú rẹ̀, tọ́jú mi. Ara tù mí fúngbà díẹ̀, ìrora náà sì tún dé. Ṣé abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ìrora ni abẹ́rẹ́ yìí lè dín kù, kò lè rán iṣan tó ti ya, kò sì lè fún un lókun. Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú, èyí tó wà lókè nínú wọn sì ń gba àyè tóóró kọjá lábẹ́ egungun èjìká, nítorí náà ọmọ odó tí ẹ ń gbé sókè láti àárọ̀ dalẹ́ ń ni ín lára gidigidi. Bí ara bá tù yín, ẹ má tíì padà sídìí odó. Ìdárayá tí oníṣègùn físíò bá kọ́ yín ni kí ẹ fi àsìkò náà ṣe, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ lè fi hàn bóyá iṣan náà ti já?

Ìdáhùn: Rárá. Bí ibì kan bá dùn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n gún un, kò sọ ju pé ibẹ̀ ń dùn lọ. Apá gbígbé la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ń gbé e láti ẹ̀gbẹ́ lọ sókè, tó ń dùn láàárín ìwọ̀n igun (digírì) 60 sí 120, tó sì fúyẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, iṣan òkè la máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ẹlòmíràn bá bá yín gbé e, tó sì já wálẹ̀ nígbà tó fi í sílẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ ti ṣubú, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti já. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, nítorí iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já rọrùn láti tún so ju èyí tó ti pẹ́ lọ. Èjìká tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè gbé, tí ẹlòmíràn náà kò sì lè bá yín gbé, ó ṣeé ṣe kó ti gan; ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣọ́ bí mo bá tún fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà?

Ìdáhùn: Kí wọ́n tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò lè kó HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B ranni. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n lè gún ojúgun yín pẹ̀lú, kí wọ́n sì ní kí ẹ máa gbé apá nígbà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Orí èjìká lẹ́bàá ọrùn ló léwu, torí ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà síbẹ̀: bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí kò já gaara lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.