Bí A Ṣe Lè Pẹ̀tù sí Aáwọ̀ Ẹ̀sìn Ládùúgbò Kí Ó Tó Di Ìjà

Ẹni tí wọ́n bá pè láti parí aáwọ̀ ẹ̀sìn ní Abẹ́òkúta, kí ó má tíì fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Kí ó kọ́kọ́ bi ìhà kọ̀ọ̀kan léèrè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ tí inú ti ń bí wọn. Ládùúgbò kan lẹ́bàá Olúmọ, wọ́n ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tó dojú kọ fèrèsé mọ́sálásí ló dá ìjà sílẹ̀. A ti ń ka Bíbélì àti Kùránì síra wa létí fún wákàtí méjì kí bàbá arúgbó kan tó là á pé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ògiri dí ọ̀nà tí òun ń gbà lọ ṣe àlùwàlá, òun kò kí pásítọ̀ mọ́. Okùn la fi wọn ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ sì rọ̀.

Ìfọ́lé oṣù kẹwàá ọdún 1867 náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé míṣọ́nnárì òyìnbó jáde, ṣùgbọ́n aáwọ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba òyìnbó ní Èkó lórí ààlà àti owó bodè ló wà nídìí rẹ̀.

Èyí kò wẹ ẹ̀sìn mọ́ o. Ní 1849, wọ́n ti fìyà jẹ àwọn onígbàgbọ́ nílùú yìí. Ẹni tó gbà pé òun ló nilẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀ náà, kò rí ohun tí yóò fi sílẹ̀. Nítorí náà, kí alága ìpàdé má gba “kèfèrí” tàbí “ọ̀tá Ọlọ́run” láàyè rárá.

Ọ̀rọ̀ Orò yàtọ̀, nítorí ìgbàgbọ́ gan-an ló wà níbẹ̀, okùn kò sì lè wọ̀n ọ́n. Kí àwọn aláwo kéde ọjọ́ àti ojú ọ̀nà ṣáájú, kí aláàárẹ̀ àti aláboyún lè mọ ibi tí wọn yóò gbà dé ilé ìwòsàn. Kí gbogbo ènìyàn sì rántí pé abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún oníkálùkù lómìnira ẹ̀sìn tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti lu ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kí àwọn àgbà má wulẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ aago, ẹ má kọ “ní alẹ́”. Alẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì àti alẹ́ olórò kì í bẹ̀rẹ̀ lákòókò kan náà.