Ẹ tan rẹ́kọ́dà kẹ́ ẹ tó ná mọ́tò

Ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ọ̀fà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ tan rẹ́kọ́dà fóònù yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, kẹ́ ẹ dẹ̀ sọ fún díílà pé ẹ̀ ń ká ohùn sílẹ̀ o, kì í ṣe ká fi pamọ́ sápò. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ ka nọ́ńbà ṣaṣí, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà nínú ẹ̀, kó sọ bóyá wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí, bóyá wọ́n ti san kọ́sítọ́ọ̀mù, àti nǹkan tó máa ṣe tí jíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Àlájì, kò síṣòro, ẹ fọkàn balẹ̀" yẹn ò tó o! Tó bá ní kẹ́ ẹ pa rẹ́kọ́dà yẹn, ẹ wábòmíì lọ jàre. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ gbogbo àdéhùn yẹn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó fèsì.