Bàtà Tó Máa Gba Ẹsẹ̀ Yín Là Lórí Yìnyín

Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń lọ pẹja lórí adágún omi tó ti dì, àtẹ̀yin ará ilé tẹ́ẹ máa ń tẹ̀ lé wọn, ọ̀rọ̀ bàtà la fẹ́ sọ o. Dírílà tẹ́ẹ fi ń lu ihò lè mú bí abẹ, ẹja sì lè máa jẹ ìwọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti kú tipiri, ẹ máa palẹ̀ ẹrù mọ́ ni, kò sí sùúrù tó lè borí ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kó yé yín ni ibi tí òtútù yẹn ń gbà wọlé. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé atẹ́gùn ló ń mú ẹsẹ̀ tutù, wọ́n á wá máa wá bàtà tó nípọn lókè tó ní irun múlọ́múlọ́ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Yìnyín tẹ́ẹ gbẹ́sẹ̀ lé ń fa ooru ara yín gba ìsàlẹ̀ bàtà ní gbogbo ìgbà tẹ́ẹ fi jókòó síbẹ̀, kì í sinmi. Tí omi bá tún wá wọnú bàtà, ó bùṣe, torí omi máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Omi ọ̀hún sì wà níbẹ̀ o, bó ti wù kí òtútù mú tó: tẹ́ẹ bá ti lu ihò tán omi á ru jáde, á pò mọ́ yìnyín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí dírílà gbẹ́, á di ẹrẹ̀ tútù yí ihò ká, inú ẹ̀ gan-an lẹ sì máa dúró sí. Nígbà míì omi ti fara pamọ́ sábẹ́ sìnóò tó bo orí adágún, ẹsẹ̀ á kàn rì wọ̀ ọ́ dé kókósẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi kan tún wà tó jẹ́ pé inú bàtà fúnra ẹ̀ ló ti ń wá, òógùn ni. Ọdún kan wà tí mò ń bú bàtà mi pé ó ń jò, torí gbogbo ìgbà tí mo bá dé ni ìbọ̀sẹ̀ mi máa ń tutù. Alẹ́ ọjọ́ kan mo fa bàtà inú yọ, ìyẹn bàtà rírọ̀ tó máa ń wà nínú bàtà rọ́bà, mo gbé e sábẹ́ iná, mo rí yìnyín funfun wínníwínní bí iyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń wà, mo ki ọwọ́ bọ inú rọ́bà, òun náà nìyẹn lára ògiri ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìta bàtà gbẹ táútáú. Bàtà ò jò. Òógùn tí mo là nígbà tí mò ń wọ́ ẹrù lọ sórí adágún ló di yìnyín síbẹ̀. Látìgbà náà, bàtà tí inú ẹ̀ ò bá ṣeé fà yọ, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó wọ̀ ọ́ jókòó ti ihò láti àárọ̀ dalẹ́.

Torí ẹ̀, èyí tó dáa jù lójú tèmi ni bàtà tó jẹ́ rọ́bà nísàlẹ̀, tó jẹ́ awọ tàbí náílọ́ọ̀nù lókè, tó wá ní bàtà inú tí wọ́n fi wúùlù tàbí felt (aṣọ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí tó fi ki) ṣe tẹ́ẹ lè fà yọ kẹ́ẹ sá. Tí agbára bá gbé e ẹ ní bàtà inú méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nílé nígbà tẹ́ẹ bá wọ ìkejì jáde. Rọ́bà yẹn ò gbọ́dọ̀ ní ojú rírán, kó sì ga kọjá kókósẹ̀. Ẹ wo ahọ́n bàtà dáadáa, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ibẹ̀ lomi máa ń gbà yọ́ wọlé. Kí bàtà ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kí okùn sì wà lẹ́nu ẹ̀ tẹ́ẹ lè fà pa kí sìnóò má bàa dà sínú. Èyí tí wọ́n fi neoprene (rọ́bà kan tó rọ̀ bíi fóòmù) ṣe náà wà, omi ò lè wọ̀ ọ́ rárá, ó fúyẹ́ fẹ́ni tó ń rìn láti ihò dé ihò, ṣùgbọ́n òógùn ò ríbi jáde nínú ẹ̀.

Bàtà ràbàtà kan wà tí àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ nígbà ogun Kòríà (1950 sí 1953), àwọn apẹja fẹ́ràn ẹ̀ títí dòní. Wọ́n fi rọ́bà dé wúùlù mọ́ àárín, nínú àti níta, débi pé omi ò lè kan wúùlù yẹn láéláé. Kódà tí omi bá kún inú bàtà, ẹ dà á nù, ẹ fún ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ẹ wọ̀ ọ́ padà, ẹsẹ̀ á tún móoru. Ó wúwo ṣá, òógùn sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ wà lápò.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí ńkọ́? Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàtà lè kojú òtútù tó tó dígírì -40, kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo iléeṣẹ́ jọ ń tẹ̀ lé, ẹni tó ń rìn ni wọ́n sì sábà máa ń rò nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ tó ń wo okùn, nítorí náà ẹ mú èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ tutù dáadáa ju òtútù àdúgbò yín lọ. 400, 800, 1000 gíráàmù tẹ́ẹ ń rí, ìwọ̀n ohun tó ń mú ooru dúró nínú bàtà ni, kì í ṣe ìwúwo bàtà. Ẹni tó máa jókòó, 800 sókè ni kó máa wò.

Sáìsì ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bàtà tó fún ẹsẹ̀ pọ̀ máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ó sì ń tẹ wúùlù mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀ á sá lọ, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń mú ẹsẹ̀ móoru. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ẹ lọ dán an wò torí ẹsẹ̀ á ti wú díẹ̀, kẹ́ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ máa wọ̀ lọ sórí yìnyín gangan, kí gbogbo ọmọ ìka lè máa jó nínú ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tínrín kan nísàlẹ̀, ti wúùlù tó nípọn lókè, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ti òwú, tó bá ti mu òógùn kì í tètè gbẹ. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ láti ilé nínú mọ́tò tí hítà ń fẹ́, ẹ débẹ̀ kẹ́ẹ tó wọ̀ ọ́.

Kẹ́ẹ tó gbé bàtà tuntun lọ, ẹ ki ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú ẹ̀, ẹ gbé e sínú bàsíà omi fún wákàtí kan, tí ìwé bá tutù ẹ dá a padà. Tẹ́ẹ bá délé lálẹ́ ẹ fa bàtà inú yọ, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó jìnnà sí sítóòfù, torí iná máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù, awọ á sì sán. Lórí yìnyín, ẹ tẹ́ fóòmù tàbí pákó sábẹ́ ẹsẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, kẹ́ẹ sì de irin oníṣóńṣó mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kẹ́ẹ má bàa yọ̀ ṣubú. Yìnyín tí ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 10 tó mọ́ kedere tó sì le, bàtà wo lẹ fẹ́ wọ̀ tí ó gbà yín? Ẹ má gun un.

Tọmọdé ló ká mi lára jù. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ bàtà wọn ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ tó ń sunkún pé ẹsẹ̀ òun tutù tó wá dákẹ́ lójijì, ẹ má rò pé ara ẹ̀ ti yá o, ó lè jẹ́ pé kò mọ ẹsẹ̀ náà lára mọ́ ni. Ẹ gbé e wọlé, ẹ bọ́ bàtà ẹ̀. Tí awọ ẹsẹ̀ bá rí bí eérú tàbí tó le bí àbẹ́là, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má yá a níná, ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ inú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, dígírì 37 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kẹ́ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì máa gba inú òtútù kọjá kẹ́ẹ tó débẹ̀, ẹ má tíì yọ́ ọ, torí ẹsẹ̀ tó yọ́ tó tún dì lẹ́ẹ̀kejì máa ń bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.