Ìwà Ọmọlúàbí Ní Ìlú Ọba: Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹni tó bá kúrò ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tó balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lè máa wò ó bí ẹni tí kò mọ ìwà hù, òun náà sì lè máa wò wọ́n bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ènìyàn a sún mọ́ ọn: a kí i, a béèrè ará ilé, a gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ènìyàn a fún un láàyè: kò ní dí i lọ́nà, kò ní dá a dúró, kò ní bi í ní ohun tí kò fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló wà nídìí gbogbo ohun tó kù.

"Ẹ" tó ń já bọ́ lójú ọ̀nà

Bí a bá sọ fún àgbàlagbà pé "Ẹ fún mi lómi," a ti bọ̀wọ̀ fún un ká tó parí gbólóhùn náà. "Ẹ" yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà. "Jọ̀ọ́" kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì, "ẹ" á já bọ́, nítorí "you" kan náà ni wọ́n fi ń pe ọmọdé àti àgbà. Ohun tó máa bọ́ sétí òyìnbó ni "Give me water," bí ìgbà tí ọ̀gá ń pàṣẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ṣe àfojúdi, nítorí lọ́kàn tirẹ̀, "ẹ" ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà dá a padà ni pé kí ẹ sọ gbólóhùn náà di ìbéèrè, kí ẹ sì fi "please" gbè é nídìí: "Could I have some water, please?" Ní ṣọ́ọ̀bù, "please" ni nígbà tí ẹ bá ń béèrè, "thank you" nígbà tí wọ́n bá gbé e lé yín lọ́wọ́, "thanks, bye" nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ó lè dà bíi pé ó pọ̀jù fún búrẹ́dì kan ṣoṣo. Kò pọ̀jù. Òun ni ìkúnlẹ̀ tiwọn.

"Pẹ̀lẹ́" náà máa ń fa wàhálà. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ níwájú wa, "pẹ̀lẹ́ o" ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa; à ń bá a kẹ́dùn ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ di "sorry" á rí i pé ẹni tó ṣubú ń wo òun tìyanu-tìyanu, tàbí kó dáhùn pé "It's not your fault." Ẹni tó jẹ̀bi ló ń sọ "sorry" nírú ibẹ̀ yẹn, nítorí náà "Are you all right?" ni kí ẹ sọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé èèyàn wọn kú tàbí pé ara ẹnìkan kò yá, "I'm so sorry to hear that" bọ́ sí i. Ẹ sì máa lo "sorry" fàlàlà níbi tó jẹ́ tirẹ̀: bí èjìká yín bá kan ti ẹlòmíràn, bí ẹ bá fẹ́ kọjá láàárín àwọn tó dúró, bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí ẹnìkan sọ. Bí ẹnìkan bá tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn méjèèjì ló sábà máa ń sọ ọ́, ẹni tó tẹni àti ẹni tí wọ́n tẹ̀.

Ẹ má sì sọ "ẹ kú iṣẹ́" di "well done." Létí wọn, tíṣà ló ń yin ọmọ ilé ìwé. Ẹni tẹ́ ẹ bá nídìí iṣẹ́, "Morning" ti tó o.

Ìkíni, orúkọ àti ojú

"You all right?" kì í ṣe ìbéèrè nípa ìlera. Ẹ dáhùn pé "Not too bad, thanks, you?" kí ẹ máa bá ẹsẹ̀ yín lọ. Ẹni tó bá dúró láti ṣàlàyé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti dá onítọ̀hún dúró. Ní ìlú ńlá, wọn kì í kí ẹni tí wọn kò mọ̀ lójú títì; ní abúlé àti lójú ọ̀nà inú igbó tí wọ́n ti ń rìn fún ìgbádùn, wọ́n ń kí ara wọn. Bí ẹ bá wọ yàrá ìdúró ní ilé ìwòsàn, ẹ má kí gbogbo ilé. Ẹ mi orí díẹ̀ sí ẹni tó bá gbójú sókè, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì fi àga kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bí àyè bá wà. Ó dunni fún ẹni tó dàgbà sínú "ẹ kú ìjókòó." Ṣùgbọ́n àlàáfíà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ara wọn nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Ẹ má pe obìnrin tó ju yín lọ ní "Mummy" tàbí "Mama." Ohun tó máa gbọ́ ni pé òun ti darúgbó. Ọ̀gá àgbà pàápàá lè ní "Call me Susan," kó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló fẹ́. Bí ẹnu bá wúwo, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ láì pe orúkọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń pè é. Ẹ má fi "Ma" kún gbogbo gbólóhùn. Wọ́n lè rò pé ẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"O ti sanra" jẹ́ ẹ̀bùn lẹ́nu àbúrò ìyá yín. Níbẹ̀, ìwọ̀sí ni. Ọjọ́ orí, owó oṣù, ìgbà tí ẹnìkan máa bímọ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ náà kì í ṣe ohun tí à ń béèrè. Ojú ọjọ́, eré bọ́ọ̀lù àti ohun tí ẹnìkan ṣe lópin ọ̀sẹ̀ kò ní ewu.

Bí ẹni tó ń tajà bá fi ọwọ́ òsì na ṣéńjì sí yín, kò rí yín fín. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀.

Ti ojú ló le jù. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé wa kì í wo àgbàlagbà lójú kòrókòró. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá wojú ni wọ́n ń fura sí. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, níwájú ọlọ́pàá, níwájú tíṣà ọmọ yín, ẹ wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé ojú kúrò díẹ̀, kí ẹ tún dá a padà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó wo àárín ojú méjèèjì, níbi orí imú. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò ní mọ̀. Àwọn ọmọ ló ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù: ilé ń bá wọn wí pé wọ́n ranjú mọ́ àgbà, ilé ìwé ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kì í wojú. Ẹ fi ọmọ jókòó, kí ẹ sọ fún un kedere pé ojú tí à ń lò nílé yàtọ̀ sí èyí tí à ń lò nílé ìwé, pé méjèèjì ló dára. Nínú ọkọ̀ ẹ̀wẹ̀, òdìkejì ni: ẹ má tẹjú mọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Láìnì

Ẹ kọ́kọ́ wá ìrù rẹ̀. Bí kò bá hàn, "Is this the end of the queue?" ni ẹ ó bi ẹni tó wà nítòsí. Ẹ fi àyè tó tó nínà apá kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó wà níwájú. Nídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó tàbí níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ẹ jẹ́ kó tó ìgbésẹ̀ méjì, nítorí àṣírí ẹni tó wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, láìnì kan ṣoṣo ló wà fún ẹni mẹ́rin tó ń gbowó. Bí ẹ bá ti dé iwájú láìnì, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí títí ọ̀kan nínú wọn á fi ṣí sílẹ̀.

Ohun tó máa ń kó àwọn ará wa sí wàhálà ni "Mo wà lẹ́yìn yín o." Ní báǹkì nílé, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkan, kí ẹ lọ jókòó, kí àyè yín sì wà níbẹ̀ tí ẹ bá padà. Níbẹ̀, ẹni tó bá kúrò ti kúrò. Ẹ má sì dá àyè sí fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń bọ̀.

Ibi tí láìnì kò sí lójú ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ní ilé ọtí, gbogbo èèyàn dúró gátagàta nídìí káńtà, ṣùgbọ́n ẹni kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó ṣáájú òun. Ẹ dúró níbi tí ẹni tó ń tà á ti máa rí yín. Ẹ má ju owó sókè, ẹ má ta ìka, ẹ má pè é ní "sss!" Bí ó bá kọ ojú sí yín nígbà tí kò tíì kàn yín, ẹ nawọ́ sí ẹni tó kàn: "I think they were first." Gbólóhùn kékeré yìí á gbé yín níyì lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti oṣù keje ọdún 2014. Káàdì báǹkì, káàdì Oyster (èyí tí wọ́n ń kó owó ọkọ̀ sí) tàbí fóònù ni. Ẹ na ọwọ́ síta bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì yín, ẹ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè nígbà kan ṣoṣo. Kò sí kọ̀ńdọ́, kò sì sí "Ó wà o!" Bọ́tìnnì pupa tó wà lára òpó ni ẹ ó tẹ̀ bí bọ́ọ̀sì bá ti kúrò ní ibùdó tó ṣáájú tiyín, agogo á dún, "Stopping" á sì tàn. Bí ó bá ti tàn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹnu ọ̀nà àárín lẹ ó gbà jáde. Ní ìlú míràn tí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀: ẹ ó fi káàdì kan ẹ̀rọ ní wíwọlé àti ní jíjáde. Ìdí ni pé bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Bí ẹ kò bá fi kàn án ní jíjáde, ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, yóò sì gba owó tó pọ̀ jù lọ. Káàdì kan náà lẹ ó lò wọlé àti jáde. Fóònù àti káàdì jẹ́ méjì lójú ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkáǹtì kan náà ni.

Lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, apá ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí. Apá òsì wà fún ẹni tó ń sáré. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń jáde jáde tán kí ẹ tó wọlé. Ẹ má fi fóònù sí gbangba kí gbogbo ọkọ̀ máa gbọ́ ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín ní Òṣogbo, ẹ má sì dìde wàásù. Nínú dánfó, ọ̀rọ̀ ẹnìkan lè di ti gbogbo ọkọ̀, a sì ń gbádùn rẹ̀. Níbẹ̀, kálukú wà nínú ilé tirẹ̀ tí kò ní ògiri.

Aboyún máa ń lẹ báàjì tí wọ́n kọ "Baby on board!" sí mọ́ra. Bí kò bá sí báàjì, ẹ má sọ pé ẹ rí oyún. Ẹ dìde, kí ẹ ní "Would you like to sit down?" Bí àgbàlagbà bá kọ̀, ẹ má rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ilé onílé

"You must come round sometime" kì í ṣe ìpè. Ìpè máa ń ní ọjọ́ àti aago. Bí wọ́n bá ní aago méje, ẹ dé ní méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ẹ má dé ṣáájú, torí wọ́n ṣì ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ mú wáìnì tàbí òdòdó dání, kí ẹ má sì mú ẹni tí wọn kò pè wá. Oúnjẹ tí wọ́n sè, iye orí tí wọ́n kà ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan dúpẹ́. "Ẹ ṣé àná" wà lọ́dọ̀ tiwọn náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ọmọ àti aládùúgbò

Ẹ má gbé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má sì fọwọ́ kan irun rẹ̀ láì bi ìyá rẹ̀. Ní ti ọmọ yín, òfin ti ka lílu ọmọ léèwọ̀ pátápátá ní Scotland láti ọdún 2020 àti ní Wales láti ọdún 2022. Ní England pàápàá, ìgbátí kan nínú ṣọ́ọ̀bù lè mú kí ẹnìkan pe ọlọ́pàá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí nílé, ẹ kọ ìwé kékeré sínú àpótí lẹ́tà àwọn aládùúgbò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: ọjọ́, aago tí orin máa dákẹ́, nọ́ńbà fóònù yín. Aládùúgbò tó ní nọ́ńbà yín á pè yín kó tó pe káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí méje òwúrọ̀ ni òfin ariwo òru ti ọdún 1996 dúró lé, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ẹjọ́ ariwo ọ̀sán sùn pẹ̀lú. Bí ẹ bá yá gbọ̀ngàn di aago mọ́kànlá, ó túmọ̀ sí pé ẹ ó ti gbá ilẹ̀, ẹ ó ti kó àga, ẹ ó sì ti wà níta ní aago mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí orin dákẹ́ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ ó pẹ́ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìdúró ("deposit") tí ẹ san lè má padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbé abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù kan lọ sí ilé tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Kí ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ẹ sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn, ní pàtàkì edé tí a lọ̀ mọ́ ọn tí kò hàn sójú, nítorí ó lè jẹ́ pé edé kì í bá ẹnìkan nínú wọn lára mu.