Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ ìtàn Kizito f'áwọn ọmọ katikísìmù kó tó di oṣù kẹfà

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà nìjọ Àgùdà ń ṣèrántí Charles Lwanga àtàwọn tí wọ́n jọ kú nítorí ìgbàgbọ́ ní Ùgáńdà, Kizito sì ni àbúrò gbogbo wọn, ọmọ bí ọdún 14. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ní katikísìmù níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná tí wọ́n fi sun wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi iná bẹ̀rẹ̀, iná yẹn nìkan lọmọ á gbé délé, á máa ta jí lóru, ìyá ẹ̀ á sì wá bá yín láàárọ̀.

Ààfin ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó wọn lọ sí Musée Honmè, ààfin ọba Tọ́fà, tó wà nílùú wa níbí. Tọ́fà jọba láti 1874 títí di 1908, ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n pa Kizito ní 1886, òun ló wà lórí oyè níbí. Ẹ dúró nínú àgbàlá, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè pé níbo lọmọdékùnrin tí ọba ń rán níṣẹ́ máa dúró sí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń pe òun, tí ò bá tètè dáhùn ńkọ́? Irú iṣẹ́ yẹn ni Kizito ń ṣe láàfin Mwanga, ọba Buganda, Lwanga lọ̀gá wọn. Joseph Mukasa ti jẹ́ ọ̀gá láàfin ṣáájú, ó bá ọba wí, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní oṣù kọkànlá 1885.

Wọ́n máa bi yín pé kí ló dé tọ́ba fi bínú. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa máa ń sá fún, a ó ní ọba burú ni, a ó sì kọjá. Òṣèlú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọba ń fura sáwọn òyìnbó, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Àmọ́ ẹ sọ èyí tó kù náà fáwọn tó ti dàgbà díẹ̀: ọba fẹ́ bá àwọn ọmọdékùnrin ṣe ohun tí àgbà ò gbọdọ̀ bá ọmọ ṣe, wọ́n kọ̀, Lwanga sì ń dáàbò bò wọ́n. Kẹ́ ẹ wá fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá dán irú ẹ̀ wò, ì báà jẹ́ tíṣà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ àlùfáà, ì báà jẹ́ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ké, sá, lọ sọ fún màmá ẹ.

Alẹ́ Munyonyo, níbi tọ́ba ti dájọ́ ikú fún wọn, ni kẹ́ ẹ ti rọra. Ikú ti sún mọ́lé, Kizito ò tíì ṣèrìbọmi, Lwanga fúnra ẹ̀ ló rì í bọmi lóru yẹn. Wọ́n ní nígbà tọ́ba ní káwọn tó ń gbàdúrà bọ́ sápá kan, Lwanga di Kizito lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ lọ ni. Ẹ jẹ́ kọ́mọ ńlá kan di ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ mú, kí wọ́n rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì dé ìparí, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Tọ́mọ bá béèrè pé ṣé Kizito ò bẹ̀rù ni, ẹ má yára sọ pé rárá o, ọmọdé ṣáà ni.

Namugongo, ẹ sọ ọ́ ṣókí: wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sun wọ́n ní 3 oṣù kẹfà 1886. Kì í ṣe Àgùdà nìkan o. 22 ni gbogbo tiwa, kì í ṣe ọjọ́ kan ni gbogbo wọn kú, Póòpù Paul VI kéde wọn ní ẹni mímọ́ ní 18 oṣù kẹwàá 1964, àmọ́ àwọn Áńgílíkà náà wà nínú iná yẹn, àwọn Mùsùlùmí náà sì ti kú nítorí ẹ̀sìn wọn ṣáájú, lábẹ́ Mutesa bàbá Mwanga. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn, torí ọmọ wo ní Àjàṣẹ́ ni ò ní bùrọ̀dá tàbí àǹtí tó ń kírun?

Ẹ wá ọmọ tó gbọ́ Ègùn dáadáa kó tún un sọ fáwọn tí Yorùbá wọn ò já geere. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ní ọjọ́ ọdún fúnra ẹ̀ aṣọ tuntun àti oúnjẹ ló wà lọ́kàn wọn, ẹnì kankan ò ní gbọ́ yín.