Họ́ọ̀nù Ọkọ̀ Tí Kò Dún Mọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Bí họ́ọ̀nù bá dákẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n lọ ra tuntun. Wọ́n á dè é mọ́ ọkọ̀ tán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ á tún pa. Kí iná bátìrì tó dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀nù, ó ti gba inú fúùsì (ohun kékeré tó máa ń jó kí wáyà má bàa jó) àti rílè (súìṣì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń tì) kọjá, bọ́tìnnì orí sítíárìn ló sì ń pàṣẹ fún rílè. Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ni nǹkan ti lè bàjẹ́.

Nítorí náà, ojú àti etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ wo fúùsì. Bí kò bá tíì jó, ẹ ní kí ẹnì kan máa bá yín tẹ họ́ọ̀nù, kí ẹ̀yin tẹ́tí sí rílè. Bó bá ń dún “kọ́, kọ́”, bọ́tìnnì kò jẹ̀bi, ọ̀dọ̀ họ́ọ̀nù àti wáyà rẹ̀ ni kí ẹ yà sí. Bí kò bá dún rárá, ẹ fi rílè mìíràn tó bá a mu nọ́ńbà fún nọ́ńbà dán an wò.

Ti fúùsì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí wọ́n bá kọ 15 sí i lára, 15 náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan á ki 30 bọ ibẹ̀, àwọn mìíràn á wé bébà fàdákà mọ́ èyí tó ti jó. Fúùsì ò ní jó mọ́ lóòótọ́. Wáyà ni yóò máa jó, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ojú ò tó. Bí fúùsì tó yẹ bá tún jó bí ẹ ṣe tẹ họ́ọ̀nù, ẹ yọ wáyà kúrò lẹ́nu họ́ọ̀nù, kí ẹ fi fúùsì mìíràn sí i, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jó lọ́tẹ̀ yìí, họ́ọ̀nù ló ní ẹjọ́. Bó bá ṣì jó, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan ara ọkọ̀.

Wọ́n tún máa ń gbàgbé ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà láti ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Wáyà kan péré ló wọ ọ̀pọ̀ họ́ọ̀nù, bóòtù tó dè é mọ́ ara ọkọ̀ ló ń ṣe èkejì. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, họ́ọ̀nù tuntun pàápàá yóò ya odi. Ẹ ha ìpẹtà náà kúrò títí irin ibẹ̀ yóò fi máa dán. Bí ẹ bá sì ń dè é padà, ẹ má ṣe kọjú ẹnu rẹ̀ sókè, omi òjò ni yóò máa gbà sínú.

Ẹ má sì tú orí sítíárìn tó ní airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde láti dáàbò bo awakọ̀ nígbà ìjàǹbá) bí ẹni ń tú ọmọrí ìkòkò. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ yín bá kọ, torí iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ airbag ṣì lè mú un bú. Ẹ má ṣe fi tẹ́sítà kan wáyà rẹ̀ rárá. Bí iná airbag bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní àkókò kan náà tí họ́ọ̀nù kọ̀, tí bọ́tìnnì rédíò orí sítíárìn náà sì kú, clock spring ni kí ẹ fura sí, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ sábẹ́ sítíárìn, tó ń gbé iná lọ sí àwọn nǹkan orí rẹ̀. Rewáyà tó mọ airbag ni kí ẹ gbé ọkọ̀ fún. Ẹ rí i pé táyà iwájú kọjú síwájú tààrà kó tó tú sítíárìn, kó má sì yí clock spring tuntun kúrò ní àárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè já nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí sítíárìn dé òpin.